Àdúrà Tí Mo Kọ Sílẹ̀ Bí Ìdáhùn

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ronú irú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe jẹun ní ìlú Toronto yìí, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló kún ẹnu yín. Iṣẹ́ tèmi kì í ṣe èyí tí wọ́n ń pe àwọn ọ̀dọ́ jọ sọ fún ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń gé ọkàn àwọn tó kú lójijì sí wẹ́wẹ́, tí mo fi ń wá ohun tó pa wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe, "láàbù" ni mo máa ń sọ. Bó bá tún bi mí pé láàbù wo, tí mo sì sọ òótọ́, ọwọ́ tó ti nà láti bọ̀ mí lọ́wọ́ á rọra padà sínú àpò. Ìyàwó mi pàápàá, odidi ọdún kan ni kò fi jẹ́ kí n bá òun gé ẹran nínú ilé.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gùn. Láàbù ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn ni mo wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo dé ìhín, ìwé ẹ̀rí mi kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn, mo lọ kó páálí ní ilé ìkẹ́rùsí ní Milton, mo padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Scarborough, wọ́n sì gbà mí sí ibi tí ìjọba ti ń yẹ òkú wò. Owó oṣù rẹ̀ gbé ìdílé mi. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Halina lorúkọ rẹ̀, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ti orílẹ̀-èdè Poland wá. N kò rí ẹ̀rín rẹ̀ tó ìgbà mẹ́ta ní gbogbo ọdún tá a fi jọ ṣiṣẹ́. Oṣù mẹ́rin gbáko ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ lébẹ́ẹ̀lì: nọ́ńbà òkú, ọjọ́, wákàtí tí ẹran ara kúrò nínú fírísà, wákàtí tó padà síbẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ tán, màá kà á sókè fún un, òun á sì máa fi wé ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti ṣe ọ̀gá ní Ìbàdàn o. Àwọn mẹ́ta ń pè mí ní sà. Ẹ wá wo àgbàlagbà ọkùnrin tó ń ka nọ́ńbà sókè bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Inú máa ń bí mi dé ilé.

Nígbà tó wá fún mi lọ́bẹ, mo rí i pé ọ̀bẹ gan-an ni wàhálà. A ó fi ìda gbígbóná rin ẹran ọkàn náà títí yóò fi le bí àbẹ́là, a ó wá fi ẹ̀rọ gé e, tín-ín-rín ju awọ àlùbọ́sà lọ. A ó jẹ́ kó léfòó lórí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, a ó sì fi gíláàsì pẹlẹbẹ gbé e láìjẹ́ kó ká. Bó o bá mí mọ́ ọn, ó ti lọ. Bó o bá kánjú, ó ti ya. Àwọn àgbà ní ohun tá a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó jọ pé ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn ti gé ọkàn rí.

Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé láti kọ wákàtí sí ara lébẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Halina kó gbogbo gíláàsì tí mo fi ọjọ́ márùn-ún gé, ó dà wọ́n nù lójú mi. Mo ní mo rántí wákàtí náà, mo lè kọ ọ́ báyìí. Ó yí padà sí mi.

Ó ní, "Ohun tó o rí ni kó o kọ. Ohun tó o gbọ́ ni kó o kọ. Èyí tó o rò pé ó jẹ́, máa gbé ìyẹn lọ sílé ẹ."

Mo rò nígbà náà pé ìkà ni. Mo sọ fún ìyàwó mi pé obìnrin yẹn ò fẹ́ràn ènìyàn dúdú. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ fún ọmọ Poland ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dé lẹ́yìn mi, ọmọ náà sì sunkún jáde.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tá à ń wá. Ẹ̀yin mọ purotéènì nínú ẹ̀wà àti ẹyin. Òun náà ni Ọlọ́run fi mọ ọkàn. Àwọn kan nínú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọkàn fún pọ̀ kó sì tú, àwọn mìíràn ló so ẹran ọkàn kan mọ́ èkejì kó má baà já. Ènìyàn lè ṣubú lulẹ̀ kó kú, kí wọ́n la àyà rẹ̀, kí ọkàn náà sì dán gbinrin lójú. Àmọ́ bí ọkàn bá ti jìyà fún wákàtí mélòó kan kó tó dákẹ́, purotéènì kan á ti jò jáde kúrò nínú rẹ̀, òmíràn á ti inú ẹ̀jẹ̀ wọlé sí ibi tí kì í ṣe ti rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé àbùkù àbínibí ni, èyí tó yẹ kó so ẹran pọ̀ lè má sí níbi tó yẹ kó wà. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé lẹ́yìn ikú purotéènì ń bàjẹ́ lọ, ooru sì ń mú kó yá. Ìdí nìyẹn tí Halina fi ń bá mi jà nítorí wákàtí. Láìsí wákàtí, o ò ní mọ̀ bóyá àìsàn lo rí tàbí ìdíbàjẹ́.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ la lè rí nínú gbogbo èyí. Ojú àti maikirosikóòpù lèyí tó pọ̀ jù. Bí ọkàn bá dán, a ó kọ ọ́ pé a ò mọ ohun tó pa á, a ó sì fi ìyókù ẹran náà pa mọ́ nínú ìda.

Ó wá ku ohun tí kò rọrùn fún mi láti sọ. Mo ti pé ọdún mọ́kànlá níbẹ̀, Halina sì ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé ọmọkùnrin Yorùbá kan wá, ọmọ ọdún méjìlélógún, tó ṣubú lórí pápá bọ́ọ̀lù ní Scarborough. Màá pè é ní Dàpọ̀, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Bíi kó jí ló rí lórí tábìlì. Àwọn tó ń wádìí ikú fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá ìyá rẹ̀ lẹ́nu wò lórí fóònù, ṣùgbọ́n Haúsá ni ògbufọ̀ tí wọ́n rí gbọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ náà rántí pé Yorùbá kan wà ní láàbù. Ó yẹ kí n ní iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn. Inú mi dùn pé wọ́n nílò mi, mo gbé fóònù.

Mo kí ìyá náà kú àmúmọ́ra. Ẹkún ni mò ń gbọ́. Nọ́ọ̀sì béèrè ìbéèrè lóríṣiríṣi, mo ń túmọ̀, ìyá ń dáhùn ní ìkọ̀ọ̀kan. Ó wá kan èyí tó ṣe kókó.

Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Wọ́n ní kí n bi yín bóyá ẹnìkan nínú ìdílé ti kú báyìí rí, lójijì, láìṣàìsàn."

Ó fọn imú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ikú òjijì ò ní jẹ́ tiwa."

Mo ní, "Àmín, Màmá."

Nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ló wí. Mo ní, "No. She says no." Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kí n buwọ́ lù ú, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí.

Ọmọ Yorùbá ni mí. Ta ni yóò sọ fún mi pé àdúrà kọ́ ni mo gbọ́? Bí ẹ bá bi òyìnbó ní irú ìbéèrè yẹn, á ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìyá Yorùbá á kọ́kọ́ lé ọ̀rọ̀ burúkú kúrò nílé, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìdáhùn ní láti rọra padà wọlé bi í. Mo mọ̀. Àmọ́ ó ń sunkún, ó dàgbà jù mí lọ, ojú sì tì mí láti tún bi í. Mo pe ojútì mi ní ọ̀wọ̀. Àwọn àgbà ní bá a bá ń sunkún, à á máa ríran. Òun ló ń sunkún, èmi tí ojú mi gbẹ ni kò ríran.

Ọkàn Dàpọ̀ dán. Nítorí pé fọ́ọ̀mù ní kò sẹ́ni tó kú bẹ́ẹ̀ rí nínú ìdílé, wọn kò pe ẹnikẹ́ni nínú wọn wá fún àyẹ̀wò. Wọ́n kọ ọ́ pé a ò mọ ohun tó pa á. Wọ́n sin ín.

Ọdún ń gorí ọdún, irinṣẹ́ ń yí padà. Oògùn aláwọ̀ dé. Bí a bá dà á sórí gíláàsì, purotéènì kan ṣoṣo tá a fẹ́ rí ni yóò lẹ̀ mọ́, ibi tí purotéènì náà bá wà á sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àbàwọ́n epo tó gbẹ. Nígbà tó di ọdún keje lẹ́yìn ikú Dàpọ̀, dókítà wa, obìnrin kan tí kò ju ọmọ mi àgbà lọ, ní ká kó àwọn ọkàn àtijọ́ tá a ò rí ìdí ikú wọn jáde, ká tún wọn yẹ̀ wò. Èmi ni mo kọ orúkọ wọn. Nígbà tí mo kan nọ́ńbà ti Dàpọ̀, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kọ ọ́.

Èmi fúnra mi ni mo gé e. Mo fi ọkàn ẹnìkan tí jàǹbá mọ́tò pa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí n lè fi wéra. Ní ọkàn ẹni jàǹbá, ìlà púpọ̀ pọ́n ketekete níbi tí ẹran ti so mọ́ ẹran. Ní ti Dàpọ̀, ó pọ́n bàìbàì, níbòmíràn kò sí rárá. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, mo ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Bákan náà ni.

Dókítà wò ó títí. Ó ní ó ń tọ́ka ni, kì í ṣe ìdájọ́, ṣùgbọ́n ibi tó ń tọ́ka sí burú: àìsàn ọkàn tí òbí ń bí mọ́ ọmọ. Ó ṣí fáìlì. Ó ní ó ya òun lẹ́nu, nítorí ibí yìí sọ pé kò sí irú rẹ̀ nínú ìdílé.

Mo ní, "Dókítà, ìyá yẹn ò sọ pé kò sí. Àdúrà ló gbà. Èmi ni mo kọ kò sí."

Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò tún bi í. Mo ní ó ń sunkún. Kò pariwo mọ́ mi, ì bá sàn kó pariwo. Ó mú bírò, ó kọ ohun tí mo sọ sínú fáìlì pẹ̀lú orúkọ mi. Ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n fún mi lẹ́yìn náà wà nínú fáìlì tèmi títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ó tọ́ sí mi.

Wọ́n pe ìyá náà. Nọ́ọ̀sì ló yẹ kó lọ, pẹ̀lú ògbufọ̀ tòótọ́ lórí fóònù. Mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn lọ nítorí mo ní ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àròyé, wọ́n gbà.

Oṣù kejì ọdún ni, yìnyín bo gbogbo Scarborough. Màmá Dàpọ̀ ń gbé lókè kejì ní ilé gogoro kan. Kí n tó jókòó ni mo ti rí àwòrán méjì lára ògiri. Mo mọ ọ̀kan. Èkejì jẹ́ ti ọmọbìnrin kan, wọ́n sì ti fi òdòdó yí òun náà ká.

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé ìdí tá a fi wá. Nígbà tó parí, mo dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ìyá náà ní kí n dìde. Mo ní, "Màmá, lọ́jọ́ náà ẹ gbàdúrà fún wa, ẹ ò tíì dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn wa lónìí. Àwọn wo ló ti kú lójijì?"

Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní ìka. Bàbá Dàpọ̀, ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì, ó ń ti mọ́tò tó bà jẹ́ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Ẹ̀gbọ́n bàbá Dàpọ̀ obìnrin, lórí àtẹ̀gùn ilé ìwé tó ti ń ṣe tíṣà. Wọ́n ní ayé ló ṣe wọ́n, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ síta. Dàpọ̀.  Ó tún ká ìka kan mọ́lẹ̀, ó ní, "Bísí ọmọ mi náà. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó lọ kí wọn nílé, ní Ìbàdàn. Wọ́n ní ó kàn ṣubú ni. Ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín."

Nọ́ọ̀sì bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wọn. Ó ní, "Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Kò sẹ́ni tó bi mí mọ́."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ikú tó pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Ikú Dàpọ̀ ti pa òwe fún Bísí, èmi tó yẹ kí n túmọ̀ rẹ̀ ni mo gbé e mì. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wo àwòrán ọmọbìnrin náà.

Àbíkẹ́yìn ìyá náà, Fẹ́mi, tó wà ní yunifásítì nígbà náà, dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. A ò mọ̀ pé ó ń gbọ́. Ó ní, "So it could be me too?" Ìyá rẹ̀ ní kó wọ yàrá lọ. Ó ní, "No, Mummy. I want to hear it."

Ìgbà náà ni ìyá kọjú sí mi. Ó ní, "Bí mo bá ti dá yín lóhùn lọ́jọ́ yẹn, ṣé Bísí ì bá wà láàyè?"

Mo mọ ọ̀nà tí mo lè gbà bọ́. Mo lè ní Ọlọ́run nìkan ló mọ̀, kí gbogbo wa ṣe àmín, kí n wọ kóòtù mi. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló pa Bísí.

Mo ní, "Màmá, ẹ̀bi yín kọ́. Ìyá tó ń sunkún ló gbàdúrà. Èmi ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí. Bí mo bá ti bi yín lẹ́ẹ̀kejì, wọn ì bá ti pe Bísí wá yẹ ọkàn rẹ̀ wò. N kò mọ̀ bóyá ì bá wà láàyè. Ṣùgbọ́n wọn ì bá pè é."

Ó wò mí bí ẹni pé ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. Ó ní kí n jáde nílé òun.

Mo jáde láìmú kóòtù. Mo dúró nísàlẹ̀ ilé náà, òtútù ń gé mi, n kò sì ní ojú láti padà lọ gbà á. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ Fẹ́mi sọ̀ kalẹ̀, kóòtù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Uncle, what time is the appointment?"

Wọ́n rí i lára òun náà. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi iná ta ọkàn jí sábẹ́ awọ àyà rẹ̀, wọ́n sì ní kó fi bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n sílẹ̀. Ọdún kejì lẹ́yìn náà, ó ń sáré gun àtẹ̀gùn ní ibùdó subway kan, ọkàn rẹ̀ dàrú, ó ṣubú. Ẹ̀rọ náà ta á lẹ́ẹ̀kan, ó sì dìde. Òun ló pè mí láti sọ fún mi. Ìyá rẹ̀ kò bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá kí i níta, á wo iwájú á máa lọ, n kò sì jẹ́ kí ìyẹn dí mi lọ́wọ́ àtikí i.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé ẹ̀rọ ràgàjì kan wá tó lè wọn ọ̀pọ̀lọpọ̀ purotéènì lẹ́ẹ̀kan náà láti inú ẹran tí kò tó ìdajì èékánná. Àwọn ọmọ tó ń lò ó gbọ́n jù mí lọ, mo jẹ́wọ́. Wọ́n máa ń fi mí ṣẹ̀sín pé ọwọ́ ni mo fi ń kọ wákàtí. Mo bi ọ̀kan nínú wọn lọ́jọ́ kan pé ṣé ẹ̀rọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń bi ìyá tó ń sunkún ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ wá ṣe é. Òkú ò mọ iye tá a ra aṣọ, kò sí òkú tó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Àwọn alààyè tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lẹ̀ ń ṣe é fún, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú yín pa wọ́n.

Ní oṣù tó kọjá, mo wà nílé mi ní Ajax nígbà tí fóònù dún. Ohùn Màmá Dàpọ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Kò kí mi. Ó ní ìyàwó Fẹ́mi ti bímọ, obìnrin ni, ilé ìwòsàn sì ti fún wọn ní fọ́ọ̀mù pé kí wọ́n kọ gbogbo ẹni tó kú lójijì nínú ìdílé, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọkàn ọmọ náà. Ó ní òun ti fi ọwọ́ ara òun kọ ọ́.

Ó ní, "Ẹ wá kà á fún mi. Ẹ wò ó bóyá mo fo ẹnìkan."

Mo wakọ̀ lọ sí Scarborough lọ́jọ́ náà gan-an. Ó nà án sí mi lẹ́nu ọ̀nà. Orúkọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn àti ohun tí oníkálukú ń ṣe nígbà tó ṣubú. Mo kà á sókè fún un látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo dé orúkọ Bísí, ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ṣùgbọ́n kò ní kí n dúró. Mo sọ fún un pé kò fo ẹnikẹ́ni.

Ó gba ìwé náà padà lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ wọlé."